Òru La Fi Ń Mọ Ibùdó

Ọjọ́ tí Màámi kọ́kọ́ rí mi tí mò ń di àgọ́ sẹ́yìn ọkọ̀, wọ́n jókòó lẹ́nu ọ̀nà ilé wa ní Iowa City, wọ́n tẹ́ ọmọ tuntun sórí itan, wọ́n sì ń wò mí láìsọ̀rọ̀. Wọ́n wá wẹ ọmọ ni. Ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ pé oṣù mẹ́ta tó bímọ. Nígbà tí mo gbé kúlà kejì wọ inú ọkọ̀, wọ́n ní, "Níbo lẹ ń lọ?" Mo ní kámpù ni. Inú wọn dùn. Wọ́n béèrè pé ọjọ́ mélòó ni ìpàdé náà, ta sì ni pásítọ̀ tó ń bọ̀ wá wàásù.

Lẹ́nu àwa Yorùbá, bí ènìyàn bá ní òun ń lọ sí kámpù, ìpàgọ́ ìjọ ló wá sọ́kàn ẹni tó ń gbọ́, tàbí kámpù àwọn àgùnbánirọ̀. Mo ṣàlàyé pé rárá o, inú igbó la ń lọ, a óò ta àgọ́, a óò dáná síta, a óò sùn síbẹ̀ mọ́jú, a óò sì sanwó fún ilẹ̀ tí a sùn sí. Wọ́n gbé ojú sókè. "Ogójì ọdún ni bàbá rẹ fi sùn ní abà kí ẹ̀yin má baà sùn ní abà mọ́. Ẹ wá ń fowó rà á?"

N kò rí èsì fún wọn lọ́jọ́ náà. Mo mọ̀ pé ohun tí mò ń wá kò jìnnà sí abà yẹn gan-an, èéfín igi ní àárọ̀, ìrì lẹ́sẹ̀, bàbá mi tó ń húkọ́ kí ó tó ṣílẹ̀kùn ahéré. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ mi tí wọ́n bí sí àárín oko àgbàdo Amẹ́ríkà mọ irú òkùnkùn tí mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ìdí tí a fi ń lọ kọ́ ni mo jókòó kọ lónìí. Bí a ṣe ń yan ibi tí a óò sùn ni, torí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ènìyàn wa tó wà ní Iowa, Illinois, Wisconsin, Indiana àti Minnesota ló ti ń bi mí, àti torí pé èyí tí mo kọ́kọ́ yàn, mo yàn án burúkú, ìyá mi àti ọmọ oṣù mẹ́ta sì wà níbẹ̀.

Àwòrán ló ṣì mí lọ́nà. Gbogbo ibùdó àgọ́ tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ojúmọmọ ni wọ́n ya á. Oòrùn ń ràn, koríko tutù minimini, ọmọdé ń gun kẹ̀kẹ́. Bẹ́ẹ̀, òru lẹ ń sanwó fún. Ní ọ̀sán, ẹ ti lọ wo ihò àpáta, ẹ ti lọ lúwẹ̀ẹ́ nínú adágún, ẹ ò sí nídìí àgọ́. Láti agogo mẹ́sàn-án alẹ́ di mẹ́fà àárọ̀ ni ẹ tó bá ibùdó pàdé: ilẹ̀ tí ẹ̀yìn yín kàn, ariwo tó yí yín ká, ìrìn tó wà láàárín ẹ̀yin àti ilé ìtọ̀ nígbà tí ọmọ bá jí lágogo méjì, àti ẹni tó pàgọ́ sí ẹ̀gbẹ́ yín.

Ibùdó aládàáni kan ni mo yàn, ní àríwá ìlà-oòrùn Iowa, ní agbègbè tí wọ́n ń pè ní Driftless. Nígbà tí yìnyín ayé àtijọ́ ń tẹ ilẹ̀ àárín-gbùngbùn Amẹ́ríkà ní pẹrẹsẹ, èyí tó wá kẹ́yìn kò dé ibẹ̀. Ìdí nìyẹn tí òkè àti àfonífojì fi ṣẹ́kù síbẹ̀, tí ọ̀nà rẹ̀ fi ń rán mi létí ọ̀nà Erin-Ìjẹ̀ṣà. Ó lẹ́wà gidigidi. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ olókè kì í mu omi dúró: kí òjò rọ̀ fún wákàtí kan lókè, odò kékeré tó wà nísàlẹ̀ ti kún. Ẹni tó gba owó lọ́wọ́ wa fi ọwọ́ júwe fún wa. Àwọn ọlọ́kọ̀ RV, ìyẹn ọkọ̀ tí ènìyàn lè sùn sínú rẹ̀ bí ilé, lókè lórí òkúta wẹ́wẹ́. Àwọn alágọ̀ọ́, nísàlẹ̀ lẹ́bàá omi. Ó ní ibẹ̀ ló rẹwà jù, òótọ́ ló sì sọ.

Òjò dé ní nǹkan bí agogo kan òru. N kò kà á sí. Ìró rẹ̀ lórí aṣọ àgọ́ jọ ìró òjò lórí páànù, oorun sì tún gbé mi lọ. Màámi ló jí mi. Wọn kò pariwo. Wọ́n ní, "Dìde. Ẹní mi ti ń léfòó." Mo na ọwọ́ sílẹ̀, omi tutù bò mí dé ọrùn ọwọ́. Ìyàwó mi gbé ìkókó, mo gbé àwọn méjì yòókù, Màámi kó báàgì ìlédìí sórí, a sì rìn nínú omi tó dé ojúgun títí a fi wọ ọkọ̀, tí a wà á gun òkè. Inú ọkọ̀ la wà mọ́jú. Ẹnikẹ́ni kò wá wò wá.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí omi fà, a sọ̀ kalẹ̀ lọ kó ẹrù wa. Màámi na ọwọ́ sí igi kan tó tẹ̀ sórí odò. Lára ẹ̀ka rẹ̀, ní déédéé àyà mi, pàǹtí ti rọ̀ mọ́ ọn bí ìtẹ́ ẹyẹ: koríko, pòròpórò àgbàdo, ọ̀rá kan tí oòrùn ti pa láwọ̀ dà. Kì í ṣe ti òru àná. Ó ti gbẹ kanrangandan.

"Mo ti rí i láti àná," wọ́n ní. "Omi ti dé ibẹ̀ yẹn rí. Mo rò pé ìwọ náà ti wò ó ni."

Àwọn baba wa ní ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi, kò ní rí i. Ti tèmi, orí igi gan-an ni nǹkan ọ̀hún wà, n kò sì rí i, torí pé n kò gbé ojú sókè. Màámi wá sọ fún mi pé bàbá mi kì í pa ahéré sí ibi tí wọn kò tíì rí òjò rẹ̀. Ọdún kan gbáko ni wọ́n máa fi ń kọjá ibẹ̀, tòjò tẹ̀ẹ̀rùn, kí wọ́n tó ri òpó kan mọ́lẹ̀. Àwa kò ní ọdún kan láti fi wo ibùdó tí a fẹ́ sùn sí fún ọjọ́ méjì péré, ṣùgbọ́n igi ti bá wa wò ó. Láti ọjọ́ náà, ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń ṣe bí mo bá bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ni kí n wo ẹ̀ka igi tó súnmọ́ omi jù.

Nítòsí ilé wa níbí, ẹ̀rí ńlá kan wà nípa rẹ̀. Adágún Coralville, tí ẹ̀ka ẹnjiníà àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ń bójú tó, ní ibi tí wọ́n ṣe kí omi lè gbà jáde bí ó bá pọ̀ ju agbára ìdídò lọ. Ní 1993, omi gba orí rẹ̀ fún ọjọ́ 28. Ó gbá ojú ọ̀nà lọ, ó gbá apá kan ibùdó àgọ́ lọ, ó gbẹ́ ilẹ̀ títí ó fi kan àpáta tó jẹ́ ìsàlẹ̀ òkun ní nǹkan bí 375 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Ó tún ṣẹlẹ̀ ní 2008. Lónìí, ènìyàn lè rìn lórí àpáta náà, kí ó sì fi ìka kan ìkarahun àti iyùn ayé àtijọ́ tó ti di òkúta. Mo mú àwọn ọmọ lọ síbẹ̀. Àkọ́bí mi bi mí pé ibo ni àwọn tó ń sùn níbẹ̀ wá lọ. Ìbéèrè tó dáa ni.

Nítorí náà, n kì í fi íntánẹ́ẹ̀tì nìkan yan ibùdó mọ́. Mo máa ń pe ibẹ̀ lórí fóònù. N kì í béèrè pé ṣé ibẹ̀ dára. Mo máa ń béèrè pé, "Bí òjò bá rọ̀ gan-an, níbo ni omi máa ń dúró sí?" Ẹni tó ń gé koríko ibẹ̀ mọ̀ ọ́n, ó sì máa ń sọ ọ́ láìfi bò. Ó lè sọ fún yín pé kí ẹ má gba ààyè kẹwàá sí ikejìlá, kí ẹ gba ogún. Kò sí àwòrán tó lè sọ ìyẹn.

Ohun tí mo kọ́ tẹ̀ lé e ni ti ariwo. Àwa tí a dàgbà sí Nàìjíríà rò pé kò sí ariwo tó lè dí wa lọ́wọ́ oorun, àwa tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ti rẹ̀ sùn. Ṣùgbọ́n ẹ lọ pàgọ́ sí bèbè Mississippi, ní ìtòsí McGregor ní Iowa tàbí Prairie du Chien lódì kejì ní Wisconsin. Ojú irin wà ní bèbè méjèèjì. Òfin ìjọba àpapọ̀ sọ pé bí ọkọ̀ ojú irin bá ti ń súnmọ́ ibi tó ti pàdé títì, ó gbọ́dọ̀ fun fèrè: méjì gígùn, ọ̀kan kúkúrú, ọ̀kan gígùn. Òru kan, a gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀méje. Àbíkẹ́yìn wa, tó ti pé ọdún mẹ́ta nígbà náà, jókòó nínú òkùnkùn, ó ń dá a lóhùn láti inú àgọ́, "Fuuu, fuuu, fú, fuuu," gbogbo ilé sì jí. Ojú àwòrán odò náà dára tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fi ní wo ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lórí máàpù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìlà yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, a padà sí agbègbè kan náà, ṣùgbọ́n a gun òkè lọ sí Pikes Peak State Park ti Iowa, tó fi nǹkan bí 500 ẹsẹ̀ bàtà ga ju odò lọ. Láti ibẹ̀, ènìyàn ń wo ibi tí odò Wisconsin ti wọ Mississippi, ibi tí Marquette àti Jolliet, àwọn arìnrìn-àjò Faransé méjì, gba dé pẹ̀lú ọkọ̀ ọlọ́pọ́n ní ọjọ́ 17, oṣù kẹfà, 1673. Ọkọ̀ ojú irin ṣì ń fun fèrè nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n bí ìgbà tí ènìyàn ń gbọ́ agbe láti abúlé kejì ni. Òkìtì àwọn onílẹ̀ àtijọ́ wà níbẹ̀, òmíràn ní àwòrán béárì. Ní Effigy Mounds, ọgbà irú òkìtì bẹ́ẹ̀ tó wà nítòsí, ó lé ní 200, ibẹ̀ kò sì gba ìpàgọ́. Mo sọ fún Màámi pé ibojì wà nínú òmíràn. Wọ́n dúró, wọ́n ní, "Ẹ kú ilé o," kí wọ́n tó kọjá.

Ẹ jẹ́ kí n dé orí ọ̀rọ̀ RV, torí pé orúnkún Màámi ló gbé wa débẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún wá ní ìgbà kejì, dídìde láti ilẹ̀ ti di iṣẹ́. Bàbá kan nínú ìjọ wa ní ọkọ̀ tí wọ́n kọ́ ilé sínú rẹ̀, tó ní bẹ́ẹ̀dì, sítóòfù àti ilé ìtọ̀, wọ́n sì yá wa fún ọ̀sẹ̀ kan. Ìlú tó ń ṣe irú ọkọ̀ yìí kò jìnnà sí wa rárá: Forest City ní Iowa ni iléeṣẹ́ Winnebago ti bẹ̀rẹ̀ ní 1958, Elkhart ní Indiana sì ni wọ́n ti ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú RV Amẹ́ríkà. Mo rò pé bí a bá ti ní RV, ìṣòro yíyàn ti parí. Ó kàn pààrọ̀ aṣọ ni.

Iná ni ti àkọ́kọ́. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ibùdó pín sí oríṣi: ti 30 amp, tó ní ihò mẹ́ta, máa ń gbé nǹkan bí 3,600 watt, ti 50 amp, tó ní ihò mẹ́rin, lè gbé 12,000. Àwa tí a ti lo jẹnẹrétọ̀ kékeré rí mọ ìṣirò yìí dáadáa: bí éásì, ẹ̀rọ amúlétutù, bá ń ṣiṣẹ́, ẹ má tan kẹ́tù omi gbígbóná pọ̀ mọ́ ọn, kí ẹ má tún fi ohun tó ń gbóná sí i. Ní oṣù keje ní Iowa, ooru máa ń mú gidigidi, àwọn oko àgbàdo náà a sì máa tú ooru omi sí afẹ́fẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí aṣọ fi ń lẹ̀ mọ́ ènìyàn lára. Ìyá àgbà nínú RV tí éásì rẹ̀ kú, ó sàn kí ó wà nínú àgọ́ lábẹ́ igi. Nítorí náà, mo máa ń béèrè amp kí n tó béèrè owó.

Ẹ tún béèrè bí ọ̀nà ṣe gùn àti bí ó ṣe fẹ̀ tó. Backbone ni ọgbà ìjọba ìpínlẹ̀ àkọ́kọ́ ní Iowa, 1920 ni wọ́n ṣí i. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ òkúta àti igi tó wà ní irú ọgbà bẹ́ẹ̀, àwọn ọ̀dọ́kùnrin ẹgbẹ́ CCC (Civilian Conservation Corps), tí ìjọba àpapọ̀ gbà síṣẹ́, ló ṣe é ní àwọn ọdún 1930, lásìkò tí iṣẹ́ wọ́n ní Amẹ́ríkà. Wọn kò ro ti ọkọ̀ ẹsẹ̀ bàtà 35 nígbà náà. Mo ti rí ọkùnrin kan tó há sáàárín igi méjì pẹ̀lú RV rẹ̀, tí kò lè lọ síwájú tí kò lè padà sẹ́yìn, tí gbogbo ibùdó sì jáde wá fi ọwọ́ darí rẹ̀ fún ìdajì wákàtí. Ibi tí ènìyàn lè gba ẹnu kan wọlé kó gba èkejì jáde ni kí ẹni tí kò mọ RV wà dáadáa máa wá. Kí ilẹ̀ rẹ̀ sì tẹ́jú. Fíríìjì àwọn RV àtijọ́ tó ń lo gáàsì kì í tutù dáadáa lórí ilẹ̀ tó dagun, bẹ́ẹ̀ ni ara àgbàlagbà tó fi orí sísàlẹ̀ sùn kì í balẹ̀.

Òkúta wẹ́wẹ́ tó dára fún RV, ọ̀tá àgọ́ ni. Èèkàn kì í wọ inú rẹ̀. Mo ti lu èèkàn mẹ́rin títí wọ́n fi ká bí ìwọ̀ ẹja. Bí ẹ bá jẹ́ alágọ̀ọ́, ẹ wá apá ibùdó tí kò ní iná rárá. Wọ́n máa ń dínwó níbẹ̀, ilẹ̀ rẹ̀ máa ń rọ̀, àwọn tó ní jẹnẹrétọ̀ kì í sì sábà dé ibẹ̀. Dunewood, ní Indiana Dunes tó di ọgbà orílẹ̀-èdè ní 2019, jẹ́ irú rẹ̀: ààyè 66, kò sí sọ́kẹ́ẹ̀tì kankan. Ẹni tó ń gbé Chicago tí kò ní mọ́tò lè wọ ọkọ̀ ojú irin South Shore dé ìtòsí ibẹ̀. Bí ẹ bá bá ṣáláńgá ní ibùdó kan, ẹ má jẹ́ kí ó lé yín. Ṣáláńgá tí wọ́n ń tọ́jú sàn ju ilé ìwẹ̀ olómi gbígbóná tí ẹnikẹ́ni kì í fọ̀ lọ.

Fún ẹni tó ní ọmọ wẹ́wẹ́, àwọn ibùdó ńlá aláràbarà ń pè wọ́n. Yogi Bear's Jellystone Park, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣí ní Sturgeon Bay ní Wisconsin ní 1969, ní adágún ìlúwẹ̀ẹ́, ẹni tó wọ aṣọ béárì, eré lójoojúmọ́. Àwọn ọmọ mi fẹ́ràn ibẹ̀ dé ọkàn, n kò sì ní bá wọn jà. Bí ẹ bá ní ọmọ ọdún mẹ́fà, ẹ lọ lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n àgọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kan àgọ́ ní òpin ọ̀sẹ̀ ní irú ibi bẹ́ẹ̀, iná kì í kú, ìràwọ̀ kì í hàn. Ìràwọ̀ ni mo ń wá.

Ibi tí ọkàn mi wà ni ọgbà àwọn káúńtì, tó dà bí ìjọba ìbílẹ̀ nílé. Àwọn tó ń wá ibùdó kì í sábà mọ̀ ọ́n. Káúńtì 99 ló wà ní Iowa; òfin kan ní 1955 fún wọn láyè láti dá ìgbìmọ̀ ìtọ́jú ilẹ̀ sílẹ̀, gbogbo wọn ló sì ti ní tiwọn lónìí. Púpọ̀ nínú wọn ní ibùdó kékeré kan lẹ́bàá adágún tàbí etí igbó, tí ààyè rẹ̀ kò ju ogún tàbí ọgbọ̀n lọ. Àwọn ọgbà ńlá, ènìyàn ti ń gbà wọ́n sílẹ̀ tipẹ́tipẹ́: ti Wisconsin, bíi Devil's Lake, oṣù 11 ṣáájú ni wọ́n ti ń ṣí i, àwọn tó mọ̀ ọ́n á sì ti jí dúró dè é. Ti káúńtì, ẹ lè kúrò níbi iṣẹ́ ní ọjọ́ Ẹtì kí ẹ sì rí ààyè kí oòrùn tó wọ̀.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo mú Màámi dé irú ibẹ̀, kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́nu ọ̀nà. Páìpù irin kan ló dúró níbẹ̀, ó nípọn, wọ́n kùn ún ní àwọ̀ ewé, ihò tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lórí rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àpótí kékeré kan tó kún fún àpòòwé, àti bírò tí wọ́n fi okùn so. Mo kọ nọ́ńbà ọkọ̀ wa, mo kọ nọ́ńbà ààyè wa, mo fi owó sínú àpòòwé, mo ya etí rẹ̀ mú láti fi kọ́ sórí òpó ààyè wa, mo sì jù ú sínú páìpù. Ó dún lulẹ̀ nínú lọ́hùn-ún. Màámi dúró tì mí. Wọ́n ní, "Bíi ti ọ̀nà oko."

Mo mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Lójú ọ̀nà abà wa, ènìyàn a kó ọsàn tàbí iṣu sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, a to òkúta wẹ́wẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, iye òkúta ni iye owó. Ọlọ́jà a bá tirẹ̀ lọ sóko. Ẹni tó bá fẹ́ rà á a ka òkúta, a fi owó sílẹ̀, a gbé ọjà lọ. Lọ́dọ̀ bàbá mi ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka òkúta yẹn. Màámi kò bi mí mọ́ láti alẹ́ ọjọ́ náà pé kí ló dé tí a fi ń sanwó sùn ní abà.

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ àwọ̀ ara wa pẹ̀lú, torí pé bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ mi ní kọ̀rọ̀, òun lẹ máa ń béèrè jù. Ìtàn rẹ̀ pẹ́. Láti 1936 di 1966, ìwé atọ́nà kan tí Victor Hugo Green, apínlẹ́tà tó ń gbé ní New York, dá sílẹ̀ ni ọ̀pọ̀ adúláwọ̀ Amẹ́ríkà fi ń mọ ibi tí wọ́n lè sùn láìsí wàhálà. Ní ìgbèríko Michigan níbí, ìlú ìsinmi Idlewild bẹ̀rẹ̀ ní 1912, nínú igbó, lẹ́bàá adágún, ọ̀kan nínú ibi díẹ̀ tí adúláwọ̀ ti lè ra ilẹ̀ kí ó sì lúwẹ̀ẹ́ láìsí ẹni tó máa lé e. W. E. B. Du Bois ra ilẹ̀ síbẹ̀. Àwọn wọ̀nyẹn ló ṣí ọ̀nà tí àwa tí a dé lánàá ń rìn, mo sì fẹ́ kí àwọn ọmọ mi mọ̀ ọ́n.

Ti òde òní, ohun tí ojú mi rí ni mo lè sọ. Nínú gbogbo ìrìn wa, ibì kan ṣoṣo ni ọkùnrin kan ti wá bi wá lẹ́ẹ̀mẹ́ta nírọ̀lẹ́ kan pé ṣé ó dá wa lójú pé ààyè wa nìyí. A kó ẹrù wa ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, a sì lọ; n kì í fi oorun ìdílé mi ja ogun. Ibi tó pọ̀, àgbẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì àti ìyàwó rẹ̀ ló ń wà ní ẹ̀gbẹ́ wa, tí wọ́n á gbé àgbàdo tútù wá fún wa ní ìrọ̀lẹ́, tí a óò fi ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù dá a padà. Mo ní òfin méjì: kí a dé kí ilẹ̀ tó ṣú, kí a sì lọ kí àwọn aládùúgbò kí a tó ta àgọ́. Ìkíni kì í ṣe ohun kékeré fún wa nílé, kò sì kéré níbí. Ẹni tí ẹ ti kí ní ọ̀sán, ẹ kì í ṣe àlejò rẹ̀ mọ́ lóru.

Ìjì ni mo fi sí ìgbẹ̀yìn, kì í ṣe torí pé ó kéré. Ní ọjọ́ 10, oṣù kẹjọ, 2020, ìjì tí wọ́n ń pè ní derecho la Iowa já láti ìwọ̀-oòrùn dé ìlà-oòrùn. Ní Cedar Rapids, wọ́n ṣírò agbára rẹ̀ dé nǹkan bí máìlì 140 ní wákàtí kan. Ìlú tó wà ní nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí ilé wa ni. Lẹ́yìn rẹ̀, mo rí igi tí àgbà mẹ́ta kò lè dì mọ́ra, tó dùbúlẹ̀ sórí ibi tí àgọ́ ì bá wà. Àgọ́ kì í ṣe ibi ìsádi, RV náà kì í ṣe é. Bí a bá dé ibùdó kan, mo máa ń mú àwọn ọmọ rìn lọ sí ilé ìwẹ̀ tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù kọ́, mo sì máa ń jẹ́ kí wọ́n fi ẹsẹ̀ ara wọn mọ ọ̀nà rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí kò bá sí irú ilé bẹ́ẹ̀, tí ojú ọ̀run kò sì dáa, a kì í sùn síbẹ̀. Ohun mìíràn tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀: orúkọ káúńtì ni rédíò fi ń kìlọ̀ ìjì. Bí ẹ ò bá mọ káúńtì tí ẹ sùn sí, ìkìlọ̀ á kọjá létí yín bí ìròyìn ìlú ẹlòmíràn. Ìyàwó mi máa ń kọ ọ́ sórí pépà, á sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara kúlà.

Eégbọn, ẹ máa yẹ ara àwọn ọmọ wò ní alẹ́, pàápàá ẹ̀yìn orúnkún àti ìdí etí. Èyí tó ń fa àìsàn Lyme kéré bí kóró yanmọtí, ó sì pọ̀ ní Wisconsin àti Minnesota. Igi ìdáná, ẹ má gbé e láti ilé. Kòkòrò aláwọ̀ ewé kan tó ti Éṣíà wá, tí wọ́n rí nítòsí Detroit ní 2002, ti pa àìmọye igi tí wọ́n ń pè ní ash ní gbogbo agbègbè yìí, inú igi tí ènìyàn fi mọ́tò gbé ló sì ti ń rìn jìnnà. Níbi tí ẹ óò ti dá a ni kí ẹ ti rà á.

Màámi ti padà sí Iléṣà báyìí. Orúnkún wọn kò gba ọkọ̀ òfurufú mọ́. Ní oṣù tó kọjá, a dé ibùdó káúńtì kan tí a kò dé rí, lẹ́bàá odò tó ń lọ jẹ́jẹ́, mo sì pè wọ́n lórí WhatsApp kí wọ́n lè rí àwọn ọmọ. Wọ́n rí wọn, wọ́n súre fún wọn, wọ́n béèrè ohun tí a jẹ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí n gbé fóònù lọ sídìí odò. Mo rìn lọ síbẹ̀. Mo fi ojú fóònù han omi, mo fi han koríko.

"Kì í ṣe ilẹ̀," wọ́n ní. "Gbé e sókè. Fi orí igi hàn mí."